Sydney Ringer: Dókítà tí Omi Ẹ̀rọ Kọ́ Lọ́gbọ́n

Ẹ̀yin ará wa, bí wọ́n bá ti fa omi sí ẹnìkan lára rí nínú ẹbí wa, ó ṣeé ṣe kí orúkọ Ringer wà lára àpò omi náà. Ta ni Ringer?

Ìlú Norwich ni wọ́n ti bí i. University College Hospital ní Lọ́ńdọ̀nù ló ti ṣiṣẹ́ dókítà. Ní 1882, ó da omi iyọ̀ gba inú ọkàn àkèré, ọkàn náà sì ń lù dáadáa. Lẹ́yìn náà ló wá mọ̀ pé omi ẹ̀rọ Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n fi po iyọ̀ náà. Nígbà tí ó lo omi tí kò ní nǹkan kan nínú, kò pẹ́ tí ọkàn fi dákẹ́. Kálísíọ̀mù inú omi ẹ̀rọ ló ń mú un lù! Ringer kò bo àṣìṣe náà mọ́lẹ̀. Ní 1883 ó kọ ọ́ síta.

Lónìí a mọ ìdí rẹ̀. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló bo sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, ó sì ní ilẹ̀kùn tí ń ṣí, tí ń tì. Bí kálísíọ̀mù bá gba ibẹ̀ wọlé, iṣan ọkàn gbọ́ àṣẹ, ó sì sún kì. Ibi tí iyọ̀ bá pọ̀ sí ni omi náà ń wọ́ lọ. Nítorí náà ni a kì í fa omi lásán sí ènìyàn lára, kí sẹ́ẹ̀lì má baà wú bẹ́.

Ringer kú ní 1910, ṣùgbọ́n omi rẹ̀ ṣì ń gba ẹ̀mí là. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wa mọ̀ pé ẹni tí ó jẹ́wọ́ àṣìṣe kò tẹ́.