Florence Nightingale: Obìnrin Tí Ó Fi Àwòrán Gbèjà Àwọn Ọmọ Ogun

Láti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti mọ orúkọ Florence Nightingale. Bí a bá ti dárúkọ rẹ̀ báyìí, fìtílà ni yóò kọ́kọ́ sọ sí wa lọ́kàn: obìnrin òyìnbó kan tí ó ń gbé iná kiri lóru láàárín àwọn ọmọ ogun tí ó fara gbọgbẹ́. Irọ́ kọ́, ó gbé fìtílà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, fìtílà yẹn kọ́ ni ó gba ẹ̀mí tí ó pọ̀ jù là. Àwòrán kan tí ó yà sórí ìwé, tí ó kùn ní ọ̀dà mẹ́ta, ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lọ́tẹ̀ yìí, pàápàá nítorí àwọn kan láàárín wa tí wọ́n máa ń fi àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ ọnà ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwòrán lásán ni wọ́n wá yà ní Yunifásítì.

Ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ọdún 1820 ni a bí i ní ìlú Florence ní ilẹ̀ Ítálì. Ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Ọlọ́rọ̀ ni àwọn òbí rẹ̀. Baba rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ó kọ́ ọ ní ìwé, ọmọ náà sì fẹ́ràn ìṣirò bí ọmọdé mìíràn ti í fẹ́ràn àádùn. Nígbà tí ó ní iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni òun fẹ́ ṣe, ilé dàrú. Láyé ìgbà náà, ọmọ ẹni iyì kì í ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ti lé ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún kí ó tó ráyè lọ kọ́ ọ fún oṣù mẹ́ta ní Kaiserswerth ní ilẹ̀ Jámánì ní 1851.

Ní 1854, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé gbè sẹ́yìn Tọ́kì láti bá Rọ́ṣíà jagun ní Crimea. Oṣù kọkànlá ọdún náà ni Nightingale àti àwọn obìnrin 38 dé ilé ìwòsàn àwọn ọmọ ogun ní Scutari, ní òdìkejì omi sí ìlú Constantinople. Ohun tí ojú wọn rí kò ṣe é fẹnu sọ. Gọ́tà abẹ́ ilé ti dí, òórùn gba gbogbo inú ilé, àwọn aláìsàn sì sùn kún ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nightingale ra oúnjẹ, ó ra aṣọ, ó fọ ilé, síbẹ̀ ikú kò dúró. Ní oṣù kejì ọdún 1855, nínú ọgọ́rùn-ún tí ó bá wọlé, àwọn tí ó lé ní ogójì ni wọ́n ń gbé òkú wọn jáde. Ní oṣù kẹta ni ìjọba rán àwọn onímọ̀ ìmọ́tótó wá. Wọ́n tú gọ́tà, wọ́n kó òkú ẹran dànù, wọ́n fi ẹfun kun ògiri. Kí oṣù kẹfà tó dé, àwọn tí ń kú nínú ọgọ́rùn-ún ti wálẹ̀ sí bíi méjì.

Òun fúnra rẹ̀ kò tètè mọ ìdí abájọ. Títí ó fi padà délé ní 1856, ìyà, ebi àti òtútù ni ó rò pé ó pa wọ́n. Ìgbà tí òun àti William Farr, ọ̀gá nínú ìṣirò iye ìbí àti ikú, jókòó ti ìwé àkọsílẹ̀ ni ó wá hàn pé ìdọ̀tí ni apani, àti pé ilé ìwòsàn tí òun gan-an ti jẹ́ olórí àwọn nọ́ọ̀sì wà lára ibi tí ó burú jù. Ẹ rò ó wò, bí ọ̀rọ̀ yẹn yóò ti wọ̀ ọ́ lára tó.

Ní oṣù kìíní ọdún 1855 nìkan, àìsàn tí ìmọ́tótó ì bá dènà pa ọmọ ogun 2,761. Ọgbẹ́ ogun pa 83 péré. Ta ni yóò ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nínú ìwé ìjọba tí ó nípọn bí ìrọ̀rí? Àwa náà ṣáà mọ bí a ti í kọjá lára ìṣirò owó ẹgbẹ́ tí akápò bá lẹ̀ mọ́ ògiri. Farr gbà pé kí ìṣirò gbẹ ni ó dára. Nightingale kò gbà. Ó ya òbìrí kan, ó pín in sí awẹ́ méjìlá fún oṣù méjìlá, bí ẹni la ọsàn. Àwọ̀ aró dúró fún àìsàn, pupa fún ọgbẹ́, dúdú fún ohun mìíràn. Ẹni tí kò mọ ìṣirò rárá yóò rí i pé aró ti gbé pupa mì.

Ohun tí ó wù wá jù nínú ìtàn náà ni pé ó tún un yà. Nínú èyí tí ó kọ́kọ́ yà, gígùn láti àárín ni ó fi ka iye òkú, ojú sì lè tipa bẹ́ẹ̀ rí i ju bó ti yẹ lọ. Ó yí i padà, kí fífẹ̀ awẹ́ kọ̀ọ̀kan lè bá iye òkú mu gẹ́lẹ́. Ẹni tí ó fẹ́ gbèjà òkú kò gbọdọ̀ purọ́ mọ́ ọn.

Ní 1858 ó fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí Ọbabìnrin Victoria, sí àwọn aṣòfin àti àwọn dókítà. Ó tún fi hàn pé nínú bárékè nílé, láìsí ogun, àwọn ọ̀dọ́ ọmọ ogun ń kú ní nǹkan bí ìlọ́po méjì àwọn ẹgbẹ́ wọn ní ìlú. Àwọn ọ̀gá ológun kan janpata, ṣùgbọ́n wọn kò rí èsì fọ̀. Ìjọba tún omi, gọ́tà àti fèrèsé bárékè ṣe, ikú sì dín kù. Ní ọdún yẹn kan náà ni ó di obìnrin àkọ́kọ́ nínú ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìṣirò iye ní Lọ́ńdọ̀nù. Orí ibùsùn ni ó ti ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀, nítorí àìsàn tí ó gbé ti ojú ogun bọ̀ kò fi í sílẹ̀ bọ̀rọ̀.

Láti orí àwòrán ìṣirò ni ó bọ́ sí àwòrán ilé. Nínú ìwé rẹ̀ lórí ilé ìwòsàn, tí ó jáde ní 1859, ó ṣàlàyé bí wọ́ọ̀dù ṣe yẹ kó rí: kí ó gùn, kí ibùsùn tò lọ́tùn-ún lósì, kí fèrèsé kọjú síra wọn kí atẹ́gùn lè já gba inú rẹ̀ kọjá. Afẹ́fẹ́ búburú ni ó rò pé ó ń fa àrùn. Kò tọ̀nà níbẹ̀, ṣùgbọ́n fèrèsé tí ó tìtorí rẹ̀ là ṣe rere. Ẹni tí ó bá ti wọ ọsibítù ìjọba tàbí ti ìjọ tí ó pẹ́ nílẹ̀ ní Nàìjíríà yóò ti rí irú wọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ ọsibítù St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n ṣí ní 1871, níbi tí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tí Nightingale dá sílẹ̀ ní 1860 wà. Ó kú ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹjọ ọdún 1910, ní ẹni àádọ́rùn-ún ọdún. Ní 1946, ọmọ Yorùbá kan, Kọ́fowórọlá Àbẹ̀ní Pratt, wọ ilé ẹ̀kọ́ náà. Òun ni ó padà wá di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ mátírọ́nì UCH ní Ìbàdàn.