Amos Tutùọlá: Mẹ́séńjà tó Di Ìlúmọ̀ọ́ká Òǹkọ̀wé

Ìfáàrà
Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Òwe yìí máa ń ṣẹ lẹ́nu ọ̀nà agbaniṣíṣẹ́. Ọ̀dọ́ tó bá ti Amúkokò jáde ní òwúrọ̀ láti wá iṣẹ́ lọ sí àwọn ilé iṣẹ́ Àpápá mọ̀ bẹ́ẹ̀: bàtà, aṣọ àti ìwé ẹ̀rí ni wọ́n ń kọ́kọ́ wò, kí wọ́n tó bi í léèrè ohun tó lè ṣe. Ìgbésí ayé Amos Tutùọlá, tó wá iṣẹ́ ní Èkó kan náà lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, fi hàn pé ìba díẹ̀ ni irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ń rí lára ènìyàn.

Ìbí àti Ẹ̀kọ́ rẹ̀
Abẹ́òkúta ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1920. Onígbàgbọ́ ni àwọn òbí rẹ̀, oko kòkó sì ni wọ́n ń dá. Owó ilé-ìwé nira, nítorí náà Amos di ọmọ ọ̀dọ̀ fún ọmọ Igbo kan, F. O. Monu. Dípò owó iṣẹ́, ọ̀gá rẹ̀ rán an lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ Salvation Army. Nígbà tí baba rẹ̀ kú ní 1939, kò sí ẹni tí yóò san owó mọ́. Ẹ̀kọ́ ìwé rẹ̀ dópin.

Wíwá Iṣẹ́
Ó kọ́ṣẹ́ alágbẹ̀dẹ. Nígbà ogun, ó ṣiṣẹ́ alágbẹ̀dẹ bàbà fún àwọn ọmọ ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì. Ogun parí, iṣẹ́ bọ́. Ó gbìyànjú láti dá àgbẹ̀dẹ tirẹ̀ sílẹ̀, kò rọ́wọ́ mú. Ó tilẹ̀ ta búrẹ́dì. Nígbẹ̀yìn, iṣẹ́ mẹ́séńjà ló rí ní Ẹ̀ka Ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti òṣìṣẹ́ ní Èkó. Ọ́fíìsì tí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ gbogbo ìlú wà níkàáwọ́ rẹ̀ kò rí iṣẹ́ mìíràn fún un ju kí ó máa jókòó de ìgbà tí wọn yóò rán an níṣẹ́.

Bí Ìwé ṣe Bẹ̀rẹ̀
Ìjókòó lásán yìí sú u. Láti lé e lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtàn lórí àjákù ìwé, irú àwọn àlọ́ tí àwọn àgbà máa ń pa. Ọjọ́ díẹ̀ ló fi kọ The Palm-Wine Drinkard. Ilé iṣẹ́ Faber and Faber sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952. Akéwì Dylan Thomas yìn ín. Raymond Queneau túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé ní 1953. Síbẹ̀, mẹ́séńjà náà ni òǹkọ̀wé yìí ṣì jẹ́.

Ní ilé, ojú ti ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé. Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò gún, wọ́n sì ń bẹ̀rù pé àwọn òyìnbó yóò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bí agbaniṣíṣẹ́ ṣe wò ó ni àwọn náà ṣe wò ó: wọ́n wo aṣọ, wọn kò wo ẹni tó wọ̀ ọ́. Ìhun gbólóhùn Yorùbá ló wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì náà. Ní 1963, Kọ́lá Ògúnmọ́lá gbé ìtàn yìí sórí ìtàgé ní Yunifásítì Ìbàdàn ní èdè Yorùbá, àlọ́ sì padà sílé.

Ìkádìí
Láti 1956 ni Tutùọlá ti ń tọ́jú ilé ìkẹ́rùsí fún ilé iṣẹ́ rédíò ìjọba ní Ìbàdàn. Ní 1979, Yunifásítì Ifẹ̀ gba ẹni tí kò rí owó parí ilé-ìwé yìí gẹ́gẹ́ bí àlejò olùṣèwádìí. Ó kú ní Ìbàdàn ní oṣù kẹfà ọdún 1997. Ohun tó sọ ọ́ di ẹni ńlá ti wà lára rẹ̀ lọ́jọ́ tó ń wá iṣẹ́ kiri Èkó. Kò kàn sí àyè fún un nínú ìwé ìwáṣẹ́ ni.