Fágúnwà: Ó Gbọ́ Òyìnbó, Ó sì Kọ Yorùbá

Ẹni tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, a mọ ìwé rẹ̀ dáadáa, àmọ́ ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀ pé ará ìpínlẹ̀ Oǹdó wa yìí ni. Daniel Ọlọ́runfẹ́mi Fágúnwà ni.

Òkè-Igbó, tí kò jìnnà sí ìlú Oǹdó, ni wọ́n ti bí i ní 1903. Ibẹ̀ náà ló ti lọ sí ilé-ìwé St. Luke's, tó sì kọ́kọ́ ṣe tíṣà. Ní 1926, ó wọ St. Andrew's College ní Ọ̀yọ́. Nígbà tó parí ní 1929, ó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké níbẹ̀ fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá.

Ẹ jẹ́ ká rò ó wò. Bàbá yìí ní ẹ̀ka èdè ilé wọn, ó ní Yorùbá inú ìwé, ó tún ní Òyìnbó tó fi gba ìwé ẹ̀rí. Bẹ́ẹ̀ náà ni tiwa. Nílé wa ní Ìta-Ògbólú, èdè Àkúrẹ́ ni ìyá àgbà ń bá mi sọ. Ní kíláàsì Yorùbá, èyíinì ò wọlé. Tí tíṣà físíìsì bá dé, Òyìnbó ló kù.

Ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo lọ, ẹni tó bá sọ fanákúlà yóò san owó ìtanràn. Mo san án lẹ́ẹ̀mejì. Látìgbà náà, tí ìyá àgbà bá pè mí níwájú àwọn ọ̀rẹ́ mi, Òyìnbó ni mo fi ń dá wọn lóhùn. Ojú ń tì mí báyìí.

Ní 1936, Fágúnwà kọ ìtàn kan fún ìdíje. Yorùbá ló fi kọ ọ́. Ní 1938, ilé ìtẹ̀wé CMS tẹ̀ ẹ́ jáde: Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ó lọ kàwé ní Ìlú Òyìnbó. Ṣé ó wá yí padà? Rárá o! Yorùbá ló tún fi kọ ohun tó rí lọ́hùn-ún. Ìwé ìtàn àròsọ márùn-ún ló kọ, Àdììtú Olódùmarè ti 1961 ló gbẹ̀yìn. Ní oṣù Kejìlá 1963, ó kú sómi nítòsí Bídà lẹ́nu ìrìn àjò.

Ní 1968, Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ Ògbójú Ọdẹ sí Òyìnbó, àwọn ará òkèèrè sì ń kà á. Ẹ kíyè sí i: ẹni tó gbọ́ èdè méjèèjì dénú nìkan ló lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn.

Ohun tí mo rí kọ́ nìyí: Fágúnwà ò bá Òyìnbó jà. Kò kàn sọ tirẹ̀ nù ni. Àwọn kan ní kí n má mú Yorùbá ní WAEC, pé kò wúlò. Màá mú un. Mo sì ti ra ìwé kan tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá àgbà sí. Ẹ̀yin tí ìyá àgbà yín ṣì wà láyé, ẹ yáa ra tiyín.