Frank Woolworth: Ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ rẹ̀ kógbá sílé, síbẹ̀ kò jáwọ́ nínú òwò

Ọmọ àgbẹ̀ ni Frank Woolworth. Ìlú Rodman, ní ìpínlẹ̀ New York lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1852. Iṣẹ́ oko ò wù ú rárá, ọjà títà ló wà lọ́kàn rẹ̀. Nígbà tó ríṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù kan nílùú Watertown lọ́dún 1873, oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ló fi ṣiṣẹ́ láìgba kọ́bọ̀.

Kò mọ bí wọ́n ṣe ń fa oníbàárà mọ́ra. Ọ̀gá mìíràn tó gbà á síṣẹ́ tiẹ̀ gé owó ọ̀sẹ̀ rẹ̀ láti dọ́là 10 sí 8. Àìsàn dá a wólẹ̀, ó sì padà sóko. Lọ́dún 1876 ló gbé Jennie Creighton níyàwó. Owó ò sí, ẹnu tó ń jẹun sì ti di méjì.

Lọ́dún 1879, ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́, William Moore, kó ọjà nǹkan bí 300 dọ́là fún un láwìn. Utica ló kó o lọ, sẹ́ǹtì márùn-ún ló ń ta ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Èrò kọ́kọ́ wọ́, àmọ́ nígbà tó yá, ẹsẹ̀ dá. Oṣù mélòó kan péré, ṣọ́ọ̀bù kógbá sílé.

Bí àgbà bá ṣubú, ẹ̀yìn ló ń wò. Woolworth wẹ̀yìn, ó rí i pé ọjà ò lẹ́bi. Ibi tó pàtẹ sí ni èrò kì í gbà kọjá. Lóṣù kẹfà ọdún yẹn kan náà, ó ṣí òmíràn sí Lancaster, ní Pennsylvania. Iye ọjà ti wà nílẹ̀, kò sí pé à ń nájà, oníbàárà sì lè fọwọ́ kan ohun tó bá wù ú. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó pa dọ́là 127.65.

Wàhálà ò tán síbẹ̀ o. Èyí tó ṣí sí Harrisburg àti York náà kógbá sílé, ṣùgbọ́n ti Lancaster dúró digbí.

Lọ́dún 1913, ó parí ilé tó ga jù lágbàáyé nígbà náà sí New York, owó lọ́wọ́ ló fi kọ́ ọ. Nígbà tó kú lọ́dún 1919, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ti lé ní 1,000, bẹ́ẹ̀ òun ni wọ́n gé owó rẹ̀ torí pé kò mọ ọjà tà.