William Siemens: Ọkùnrin Tí Kò Fẹ́ Kí Ooru Ṣòfò

Ta ni kò tíì gbọ́ orúkọ Siemens rí? Àbúrò ẹni tó dá iléeṣẹ́ náà sílẹ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Jámánì ni wọ́n ti bí William ní ọdún 1823, àmọ́ ìlú Gẹ̀ẹ́sì ló ti ṣiṣẹ́. Ohun tó ń dùn ún ni ooru tó ń bá èéfín lọ. Ẹni tó bá dúró sẹ́bàá jẹnẹrétọ̀ ní Máfolúkù yìí á mọ̀ pé owó epo ló ń fẹ́ lọ yẹn.

Ó kọ́kọ́ fẹ́ fi ẹ̀rọ gba ooru náà padà, kò bọ́ sí i. Ní 1856, àbúrò rẹ̀, Friedrich, gbé ọgbọ́n náà lọ sí ìléru. Èéfín á gba àárín bíríkì kọjá. Tí bíríkì bá ti gbóná, wọ́n á yí ọ̀nà padà, kí atẹ́gùn tútù gba ibẹ̀ wọlé. Atẹ́gùn á ti gbóná kó tó dé ìdí iná, èédú á sì dín kù. Títí dòní, irú ìléru bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń yọ́ gíláàsì.

William gba oyè Sir ní 1883, ó sì kú lọ́dún náà. Lójú tèmi, Friedrich ní ìpín nínú oyè yẹn. Ẹ̀yin ọmọ kíláàsì mi, tí ọgbọ́n yín kò bá ṣiṣẹ́ níbì kan, ẹ má sọ ọ́ nù. Ẹ gbé e lọ síbòmíràn.