Ohun tí Augustine ń bá jà, Ìjọ Kátólíìkì ò fi kọ́ni

Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ní kóòtù, a kì í dá ẹni tá ò tíì gbọ́ tẹnu ẹ̀ lẹ́bi. Ṣùgbọ́n tó bá dọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé òfin yìí. Ẹ wo Augustine.

Ọmọ Áfíríkà ni. Ọdún 354 ni wọ́n bí i ní Thagaste, ní ilẹ̀ tá a mọ̀ sí Algeria lónìí. Onígbàgbọ́ paraku ni Monica, ìyá ẹ̀. Wọ́n rán an lọ sí Carthage kó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ yí èèyàn lérò padà, iṣẹ́ tó lè sọ ọ́ di agbẹjọ́rò ńlá. Ibẹ̀ làwọn ọmọlẹ́yìn Mani ti bá a. Wọ́n bi í pé ṣé Ọlọ́run àwọn Kátólíìkì nírun lórí, ṣé ó sì ní èékánná bí èèyàn? Kò rí èsì fọ̀. Ló bá pa Ìjọ ìyá ẹ̀ tì, ó bá wọn lọ fún nǹkan bí ọdún 9.

Nígbà tó yá, ìbéèrè pọ̀ lọ́kàn ẹ̀. Wọ́n ní kó dúró de Faustus, ọ̀gá wọn. Faustus dé: ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu ẹ̀, èsì ò sí ńbẹ̀.

Lọ́dún 384, Augustine di olùkọ́ ní Mílàn. Ó lọ ń gbọ́ ìwàásù Bíṣọ́ọ̀bù Ambrose, torí pé ó fẹ́ mọ bí ọkùnrin náà ṣe mọ ọ̀rọ̀ sọ tó. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ pé Ìjọ ò fi kọ́ni rí pé Ọlọ́run ní ara bíi tèèyàn. Ojú tì í, inú ẹ̀ sì tún dùn: òjìji ló ti ń bá jà látọjọ́ yìí!

Kò tìtorí ìyẹn gbà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ o. Pé ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ ò tíì sọ pé òótọ́ ni. Ó ń wádìí, ó ń kàwé, títí tó fi pinnu lọ́dún 386. Ambrose ṣèrìbọmi fún un nígbà Àjíǹde ọdún 387. Ó padà di bíṣọ́ọ̀bù Hippo, níbi tó kú sí lọ́dún 430.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé Kátólíìkì ń bọ Màríà, tàbí pé wọ́n ní Póòpù ò lè ṣàṣìṣe láé, ṣé ẹ ti ka ohun tí Ìjọ fúnra ẹ̀ kọ sílẹ̀? Ẹ lè kà á tán kẹ́ ẹ ṣì kọ̀ ọ́. Ẹ̀tọ́ yín ni. Àmọ́ ohun tí wọ́n sọ gan-an ni kẹ́ ẹ kọ̀.