Henri Matisse

Henri Émile Benoît Matisse (ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1869 – ọjọ́ 3 oṣù Kọkànlá ọdún 1954) jẹ́ ayàwòrán ọmọ orílẹ̀-èdè Fránsì. Òun ni aṣíwájú àwọn ayàwòrán tí a ń pè ní Fauves, àwọn tí kò gbà pé dandan ni kí àwọ̀ inú àwòrán bá ti ohun tí ojú rí mu.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀

Ìlú Le Cateau-Cambrésis, ní àríwá Fránsì, ni a bí i sí. Ó kẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Paris, ó sì ṣe akọ̀wé ní ọ́fíìsì agbẹjọ́rò. Ní nǹkan bí ọdún 1889, àìsàn dá a dùbúlẹ̀. Ìyá rẹ̀ sì ra àpótí ọ̀dà fún un. Kò pẹ́ tí ó fi pa iṣẹ́ òfin tì, bí inú bàbá rẹ̀ kò tilẹ̀ dùn sí i. Ó fẹ́ Amélie Parayre ní ọdún 1898. Nígbà tí àwòrán kò mówó wọlé, ṣọ́ọ̀bù fìlà tí Amélie dá sílẹ̀ ni wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà ilé.

Àwọ̀ àti ìmọ́lẹ̀

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1905, Matisse àti André Derain ṣiṣẹ́ ní Collioure, ní etí òkun. Ohun tí ilé ẹ̀kọ́ àwòrán ń kọ́ni nígbà náà ni pé òkùnkùn ni a fi ń gbé ìmọ́lẹ̀ yọ. Matisse fi àwọ̀ nìkan ṣe é: ó lo ọ̀dà láìlà á pọ̀ mọ́ dúdú, ó fi pupa ti àwọ̀ ewé kí èkíní lè mú èkejì tàn, ó sì fi àyè sílẹ̀ kí funfun aṣọ àwòrán lè yọ láàárín.

Nínú ìpàtẹ Salon d'Automne ọdún náà, ó gbé àwòrán Amélie pẹ̀lú fìlà ńlá jáde, ojú rẹ̀ kún fún àwọ̀ ewé àti ìyeyè. Àwọn òǹwòran fi ṣe yẹ̀yẹ́. Alárìíwísí Louis Vauxcelles fi òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ wé ẹranko ẹhànnà, èyí tí èdè Faransé ń pè ní fauves. Orúkọ náà sì mọ́ wọn lára. Síbẹ̀, ìdílé Stein, àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń gbé ní Paris, ra àwòrán náà, ọ̀nà sì bẹ̀rẹ̀ sí í là fún un.

Ìgbà ogbó

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ọdún 1941, dídúró yàwòrán di ìṣòro fún un. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àlùmọ́gàjí gé bébà tí a ti kun lọ́dà, ó sì ń tò wọ́n di àwòrán. Ọ̀nà yìí ni ó fi ṣètò fèrèsé ilé ìsìn kékeré tó wà ní Vence, tí a parí ní ọdún 1951. Gíláàsì ìyeyè, ewé àti aró ni ó lò; nígbà tí oòrùn bá là wọ́n kọjá, àwọ̀ wọn a tàn sórí ilẹ̀ àti ògiri funfun. Nice ni ó kú sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì sin ín sí.